Irinṣẹ́ wo ni ká fi wá ìtànṣán gámà tó bá FRB rìn? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Bí ẹ bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì tó ń wá iṣẹ́ ìwádìí tí yóò fi gboyè, tàbí ẹ kàn fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run tí ẹ sì mọ kọ̀ǹpútà í lò, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti dá a lábàá fún yín pé kí ẹ lọ wá ìtànṣán gámà tó bá FRB (fast radio burst, ìbúgbàmù rédíò ojú ọ̀run) rìn. Àbá náà dára. Èyí tó pọ̀ jù nínú dátà rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sẹ́ni tí yóò bi yín bóyá Ìbàdàn lẹ wà tàbí Boston kó tó jẹ́ kí ẹ wà á lulẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé irinṣẹ́ tó wà nílẹ̀ pọ̀, ohun tí ọ̀kan mọ̀ ọ́n ṣe ni èkejì kò mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń mú èyí tí orúkọ rẹ̀ ròkè jù láìkọ́kọ́ bi ara wọn léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ rí.

FRB ni ìbúgbàmù rédíò tó máa ń dé lójijì láti ojú ọ̀run, tí kì í ju mìlísẹ́kọ́ǹdì mélòó kan lọ kó tó pòórá. Duncan Lorimer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kéde àkọ́kọ́ lọ́dún 2007, nínú dátà tí tẹlisíkóòpù Parkes ní Australia ti gbà sílẹ̀ láti 2001 tí ẹnikẹ́ni ò sì kíyè sí. Láti ìgbà náà, wọ́n ti di púpọ̀. CHIME, tẹlisíkóòpù rédíò tó wà ní Penticton, ní Kánádà, gba 536 láàárín oṣù keje 2018 sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje 2019, ó sì kó wọn jáde nínú àkójọ àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́dún 2021. Àwọn kan ń bú léraléra láti ojú kan náà, èyí tó pọ̀ jù sì bú lẹ́ẹ̀kan tí a ò tún gbúròó wọn mọ́. Rédíò nìkan kò lè sọ ohun tó ń bú gan-an fún wa, ìdí nìyẹn tí a fi ń wá gámà. Ìtànṣán X líle àti gámà kò ní ààlà gidi láàárín wọn. Nínú iṣẹ́ yìí, ohunkóhun tó bá ti kọjá nǹkan bíi 10 keV la ń kà mọ́ ọn. (keV ni òǹkà tí a fi ń wọn agbára ìtànṣán; MeV jẹ́ ẹgbẹ̀rún keV, GeV ẹgbẹ̀rún MeV, TeV ẹgbẹ̀rún GeV.)

Ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà rẹ̀, àti ohun tó kàn jọ ọ́

Ní gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń wá a, orísun kan ṣoṣo ni àwọn onímọ̀ fẹnu kò lé lórí pé ó bú ní rédíò àti ní ìtànṣán alágbára lẹ́ẹ̀kan náà. SGR 1935+2154 ni orúkọ rẹ̀. Magnetar ni, ìyẹn òkú ìràwọ̀ kékeré tó ki gan-an, tí agbára òòfà rẹ̀ kọjá ohun tí ilé ìwádìí kankan lè ṣe láyé. Inú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa níbí ló wà, ní nǹkan bíi 30,000 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2020, CHIME gbọ́ ọ, STARE2 ní Amẹ́ríkà gbọ́ ọ, INTEGRAL, Konus-Wind, Insight-HXMT ti China àti AGILE ti Ítálì sì rí ìtànṣán X rẹ̀ láti òkè.

Ẹ wo aago ọjọ́ yẹn dáadáa. CHIME kéde 14:34:33. Àwọn sátẹ́láìtì ní 14:34:24 ni tiwọn. Ẹni tí kò mọ̀ á ní rédíò pẹ́ kó tó jáde. Kò pẹ́. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà ní òfuurufú láàárín ìràwọ̀ ló ń fa ìtànṣán rédíò sẹ́yìn, bí MHz rẹ̀ bá sì ṣe kéré tó ni wọ́n ṣe ń fà á tó. DM, òǹkà tí a fi ń wọn àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ọ̀nà náà, jẹ́ 333 fún orísun yìí. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 4.15 mìlísẹ́kọ́ǹdì, kí ẹ wá fi 0.4 ní ọ̀nà 0.4 pín in, nítorí pé 400 MHz, ìyẹn 0.4 GHz, ni wọ́n ka aago náà sí. Ẹ ó rí ìṣẹ́jú àáyá 8.6. Ẹ yọ ọ́ kúrò, aago méjèèjì bára mu. FRB tó wá láti ọ̀nà jíjìn, tí DM rẹ̀ jẹ́ 500, yóò pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá 13 ní 400 MHz, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni ní 1.4 GHz. Ẹni tó bá fojú fo ìṣirò yìí, tó wá lọ wo ààyè ìṣẹ́jú àáyá méjì nínú dátà gámà, ibi tí nǹkan kan ò sí ló ń wò, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò rí nǹkan.

Ohun tó kàn jọ ọ́ pọ̀. Èyí tó lókìkí jù ni FRB 131104. Lọ́dún 2016, DeLaunay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé BAT, irinṣẹ́ gámà orí sátẹ́láìtì Swift, rí ìtànṣán gámà kan tó gùn tó nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 380 ní ibi kan náà àti ní àkókò kan náà pẹ̀lú FRB yìí. Ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ jẹ́ 3.2 sígmà, òǹkà tí a fi ń wọn bó ṣe ṣòro tó kí nǹkan jẹ́ èèṣì lásán. Etí ojú BAT gan-an ni àmì náà bọ́ sí, níbi tí irinṣẹ́ náà kì í ti í ríran dáadáa. Nígbà tí Shannon àti Ravi lọ wo ibẹ̀ pẹ̀lú tẹlisíkóòpù rédíò, wọn ò rí ìràlẹ̀rálẹ̀ ìbúgbàmù kankan; ohun tí wọ́n rí ni ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan tí àárín rẹ̀ ń yí padà bó ṣe máa ń ṣe. Lójú tèmi, 3.2 sígmà ní etí ojú irinṣẹ́ kò tó ohun tí a ń gbé òkè agbára lé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò sì kà á sí mọ́.

Òdì kejì náà wà, ó sì yẹ kó dín ìtara kù. Nígbà tí SGR 1806-20, magnetar mìíràn, bú ìbúgbàmù ńlá rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá 2004, gámà rẹ̀ lágbára débi tó fi da afẹ́fẹ́ òkè ayé wa rú. Parkes ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà náà, ibòmíràn ló kọjú sí, ṣùgbọ́n ìbúgbàmù rédíò tó bá tóbi tó bí gámà yẹn ṣe tóbi ì bá wọlé gba ẹ̀gbẹ́. Kò sí nǹkan kan. SGR 1935+2154 fúnra rẹ̀ náà ṣe é: tẹlisíkóòpù FAST ti China ń wò ó nígbà tó bú ní ìgbà 29 ní ojú GBM, irinṣẹ́ gámà orí sátẹ́láìtì Fermi, kò sì gbọ́ ìró rédíò kan ṣoṣo. Gámà lè wà láìsí rédíò, ó sì pọ̀ gan-an.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Jíjìnnà orísun ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè, nítorí òun ló ń pa iṣẹ́ púpọ̀. Ẹ mú ìtànṣán X ọjọ́ 28 oṣù kẹrin yẹn, kí ẹ gbé e lọ sí M81, níbi tí FRB 20200120E wà, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 ọdún ìmọ́lẹ̀. Èyí ni FRB ìta tó sún mọ́ wa jù lọ. Ó jìnnà ní ìlọ́po 400, nítorí náà ìtànṣán náà yóò ṣe bàìbàì ní ìlọ́po 160,000. Kò sí irinṣẹ́ gámà kankan tó lè rí i níbẹ̀. FRB 121102 tó wà ní nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta ọdún ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Ìlọ́po bílíọ̀nù mẹ́wàá ni yóò fi ṣe bàìbàì. Ẹni tó bá ń wá gámà FRB ọ̀nà jíjìn, ìbúgbàmù tó lágbára ju ti magnetar lásán lọ ló ń wá, kó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè mẹ́rin ló kù. Báwo ni apá ojú ọ̀run tí irinṣẹ́ náà ń wò lẹ́ẹ̀kan náà ṣe fẹ̀ tó, ṣé ayé kì í sì í dí i lójú? Ṣé ó tọ́jú àkókò fótọ́ọ̀nù (ẹyọ ìtànṣán) kọ̀ọ̀kan, àbí àròpọ̀ nìkan? Ṣé ó lè sọ ibi tí nǹkan náà ti wá? Èló ni yóò ná yín, ní owó, ní dátà fóònù, ní oṣù tí ẹ ó fi kọ́ ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀, àti ní ẹni tí ẹ ó bẹ̀?

Fermi GBM

Fermi gbéra ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà 2008. Irinṣẹ́ méjì ló gbé, ẹ má ṣe da wọn pọ̀: GBM àti LAT. GBM ní ojú 14 tí wọ́n to yí sátẹ́láìtì ká, 12 fún agbára kékeré, méjì fún agbára gíga, láti 8 keV títí dé 40 MeV. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ojú ọ̀run ló ń wò nígbàkígbà; ayé ló dí ìyókù.

Ohun tó jẹ́ kí n máa fi í ṣáájú fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni pé láti ìparí 2012, ó ń tọ́jú àkókò fótọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan láìdáwọ́ dúró, bóyá nǹkan kan ta á jí tàbí kò ta á jí. Ìyẹn ni pé FRB tí CHIME kéde lóṣù mẹ́fà lẹ́yìn tó ṣẹlẹ̀, dátà gámà rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ tó ń dúró dè yín. Ọ̀fẹ́ ni. Fáìlì wákàtí kọ̀ọ̀kan wà fún ojú kọ̀ọ̀kan, nítorí náà fáìlì 14 ni fún wákàtí kan. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe gbogbo 536 inú àkójọ CHIME, ẹ má ṣe gbìyànjú rẹ̀ lórí dátà fóònù. Ẹ lọ lo íntánẹ́ẹ̀tì ilé ẹ̀kọ́ lóru, tàbí kí ẹ kọ ètò Python kékeré kan tí yóò máa wà fáìlì kan lulẹ̀, tí yóò gé ìṣẹ́jú mélòó kan tí ẹ nílò jáde, tí yóò sì pa ìyókù rẹ́ kó tó gbé òmíràn. Àwọn tó ni GBM ti gbé ètò Python tiwọn jáde tó ń ka fáìlì wọ̀nyí. Ẹni tó bá ti mọ Python díẹ̀ kò ní pẹ́ kó tó mọ ọ̀nà rẹ̀.

Àléébù rẹ̀ kò kéré. Kì í mọ ibi tí nǹkan ti wá dáadáa: àṣìṣe ìwọ̀n díígírì mélòó kan jẹ́ ohun ojoojúmọ́, nígbà tí ohun náà bá sì ṣe bàìbàì, ó lè dé díígírì mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ariwo ẹ̀yìn rẹ̀ náà kì í dúró sójú kan, nítorí pé sátẹ́láìtì náà ń yí ayé po ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú 96, gbogbo ìgbà tó bá sì ń kọjá lókè gúúsù Àtìláńtíìkì ni wọ́n ń pa á nítorí àwọn ẹ̀yà alágbára tó kún ibẹ̀. Bí FRB yín bá bọ́ sí àkókò yẹn, kò sí dátà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀tàn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí ìtòsí wa ló ti ń wá. Àrá tó ń sán ní ilẹ̀ olóoru, àárín gbùngbùn Áfíríkà sì wà nínú ibi tó pọ̀ sí jù, máa ń ta gámà sókè ní àkókò tí kò tó mìlísẹ́kọ́ǹdì kan. GBM ń rí wọn. Bí ẹ bá ń wá ìtànṣán gámà tó gùn bí FRB, irú àrá yìí ló jọ ọ́ jù lọ. Ẹ wo ibi tí Fermi wà lókè ayé ní àkókò náà, kí ẹ sì wo ojú tó rí i: àrá máa ń lágbára fótọ́ọ̀nù ju ìbúgbàmù magnetar lọ, ó sì máa ń hàn ní àwọn ojú méjì tó wà fún agbára gíga.

Swift BAT

Swift ti wà lókè láti ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá 2004. BAT rẹ̀ ń wo 15 sí 150 keV, apá tí ó ń wò lẹ́ẹ̀kan náà kò sì tó ìdá kan nínú márùn-ún ojú ọ̀run. Kí wá ni a fẹ́ fi í ṣe? Ibi tí nǹkan ti wá ni. Nígbà tí GBM bá ń sọ díígírì, ìwọ̀n tí BAT ń sọ kéré gan-an: ìdá kan sí mẹ́rin nínú ọgọ́ta díígírì kan ni àṣìṣe rẹ̀. Tí BAT bá rí gámà níbi tí FRB wà gan-an, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún ni kì í fi í tọ́jú fótọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan àyàfi bí ohun kan bá ta á jí fúnra rẹ̀. Ìyókù, àròpọ̀ ni. Ètò kan tí wọ́n pè ní GUANO, tí Tohuvavohu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 2020, ló tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Bí ìkéde FRB bá ti jáde, ètò náà ń ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì náà láìdúró de ènìyàn pé kó má tíì pa fótọ́ọ̀nù àkókò yẹn rẹ́. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni wọ́n ní, nítorí pé àyè ìpamọ́ inú rẹ̀ kéré, tuntun sì ń bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, FRB tí wọ́n kéde ní kíákíá nìkan ló ń jàǹfààní. Tí FRB yín bá jẹ́ ti ọdún 2015, ẹ má retí fótọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ti ẹnu lọ́ọ́lọ́ọ́ yìí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n tọ́jú rẹ̀. Dátà náà ọ̀fẹ́ ni, ó sì fúyẹ́ ju ti GBM lọ. Ètò rẹ̀ le díẹ̀ láti kọ́, nítorí pé òjìji tí ìbòjú iwájú rẹ̀ ń jù ni wọ́n fi ń ṣírò ibi tí nǹkan wà.

Konus-Wind

Bàbá àgbà inú gbogbo wọn. Àwọn ará ilé ìwádìí Ioffe ní St Petersburg ló ṣe é, sátẹ́láìtì Wind ti Amẹ́ríkà ló sì gbé e lọ ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1994. Ó jìnnà sí ayé tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ kìlómítà, nítorí náà ayé kì í dí i lójú, ojú méjèèjì rẹ̀ sì ń wo gbogbo ọ̀run tọ̀sán-tòru. Kò sí irinṣẹ́ tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ú lọ bí ọ̀rọ̀ bá di ti magnetar ilé wa tó bú gan-an. Kò ní sọ pé òun ò sí nílé.

Ohun tó fi ń san án ni àkókò. Bí nǹkan kò bá ta á jí, àròpọ̀ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta mẹ́ta ló ń fi pamọ́, 2.944 gan-an. Bí ó bá jí, ó lè ka mìlísẹ́kọ́ǹdì méjì. FRB tí gámà rẹ̀ kò lágbára tó láti jí i yóò rì sínú àròpọ̀ yẹn. Ẹ má sì gbàgbé pé ìmọ́lẹ̀ ń lo ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún láàárín ibi tó wà àti ayé; ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ìyẹn pẹ̀lú ìṣirò DM kí aago tó lè bára mu. Ohun tí ẹ bá sì fẹ́ kọjá èyí tí wọ́n ti gbé jáde, ọ̀dọ̀ àwọn tó ni í ni ẹ ó ti tọrọ rẹ̀.

INTEGRAL, AGILE, àti àwọn ará China

INTEGRAL ti Yúróòpù gbéra ní 2002, ó sì parí iṣẹ́ ní ọjọ́ 28 oṣù kejì 2025. Òun ló ya àwòrán ìbúgbàmù 2020 yẹn, tó sì jẹ́ kó dá wa lójú pé ọ̀dọ̀ SGR 1935+2154 gan-an ló ti wá. AGILE sì wọlé padà sínú afẹ́fẹ́ ayé ní oṣù kejì 2024. Àkójọ wọn ṣì wúlò fún FRB àtijọ́. Ẹ má kàn kọ ètò ìwádìí tuntun tó dúró lé wọn lórí. Insight-HXMT gbéra ní 2017, GECAM ní ìparí 2020. Nígbà tí SGR 1935+2154 tún bú ní oṣù kẹwàá 2022, tí CHIME sì gbọ́ rédíò rẹ̀, GECAM wà níbẹ̀. SVOM tí China àti Faransé jọ ṣe ti wà lókè láti oṣù kẹfà 2024. Ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni mo rò pé ìròyìn tó ń bọ̀ yóò ti wá, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí dátà rẹ̀ rọrùn fún àlejò bíi ti Fermi.

Fermi LAT

LAT ń wo agbára tó ga ju ti GBM lọ fíìfíì: 20 MeV sókè, ó kọjá 300 GeV. Ìdá kan nínú márùn-ún ojú ọ̀run ló ń rí lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń wo gbogbo rẹ̀ tán ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Fótọ́ọ̀nù rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà dátà rẹ̀ fúyẹ́: ẹ sọ ibi àti àkókò tí ẹ fẹ́ lórí ojú ìwé wọn, wọ́n á gé e fún yín. Fún ẹni tó ń ra dátà lọ́wọ́ ara rẹ̀, èyí kò kéré.

Kò yẹ ká fi í wá ìbúgbàmù mìlísẹ́kọ́ǹdì kan ṣoṣo. Lórí mìlísẹ́kọ́ǹdì, ẹ ó rí òdo, òdo, òdo. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni sùúrù. Nígbà tí magnetar kan nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ NGC 253, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 ọdún ìmọ́lẹ̀, bú ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 2020, GBM rí ìbúgbàmù náà lójú ẹsẹ̀. Fótọ́ọ̀nù LAT àkọ́kọ́ dé ní ìṣẹ́jú àáyá 19 lẹ́yìn náà, èyí tó kẹ́yìn sì ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Mẹ́ta péré ni gbogbo wọn. Mẹ́ta yẹn tó láti sọ pé ìbúgbàmù náà ta nǹkan jáde tó lọ kọlu ohun tó yí i ká. Nítorí náà, tí ẹ bá lo LAT fún FRB, ẹ má ṣe dúró lórí ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wo ìṣẹ́jú, ẹ wo wákàtí, ẹ sì wo gbogbo ọdún fún àwọn tó ń bú léraléra. Wọ́n ti ṣe é fún FRB tó ju 1000 lọ, wọ́n sì kó gbogbo wọn lé ara wọn lórí bóyá díẹ̀díẹ̀ á di púpọ̀. Wọn ò rí nǹkan. Àìrí náà ti lé àwọn àlàyé kan sá.

H.E.S.S. àti àwọn ti orí ilẹ̀

H.E.S.S. wà ní òkè Khomas ní Nàmíbíà, tẹlisíkóòpù márùn-ún tó ń ka ìmọ́lẹ̀ búlúù tí gámà TeV ń tàn nínú afẹ́fẹ́. Alẹ́ tó ṣókùnkùn nìkan ló ń ṣiṣẹ́, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ọdún, díígírì márùn-ún péré ni ojú rẹ̀ sì fẹ̀. Tí FRB bá bú ní ibòmíràn, ó di kí wọ́n sáré yíjú. Fún FRB 150418, nǹkan bíi wákàtí 15 ti kọjá kí wọ́n tó dé ibẹ̀. MAGIC, tẹlisíkóòpù gámà ní La Palma, lo ọgbọ́n mìíràn: wọ́n yan FRB 121102 tó ń bú léraléra, wọ́n ń wò ó ní àkókò kan náà pẹ̀lú tẹlisíkóòpù rédíò Arecibo, ìbúgbàmù rédíò márùn-ún sì bọ́ sí àkókò náà. Kò sí gámà TeV.

Kì í ṣe irinṣẹ́ tí ènìyàn kan ń dá lò. Díẹ̀ nínú dátà H.E.S.S. ló wà ní gbangba. Ìyókù, ẹgbẹ́ ló ni í, ẹ ó sì wọlé nípasẹ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé MeerKAT, tẹlisíkóòpù rédíò South Africa, wà ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà kan náà, tó fi jẹ́ pé rédíò àti gámà lè jọ kọjú sí ibì kan náà lóru kan náà. HAWC ní Mẹ́síkò yàtọ̀ sí gbogbo wọn: àgbá omi 300 lórí òkè, ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, apá tó ń wò sì fẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò mú tó ti H.E.S.S.

Kí ẹ tó kéde: ìṣirò àbápàdé

Ìṣirò yìí kò sọ irinṣẹ́ kankan di àyànfẹ́, ṣùgbọ́n òun ló ń bá iṣẹ́ jẹ́ jù. GBM ń rí ìbúgbàmù gámà tó 240 lọ́dún, ìyẹn 0.66 lójúmọ́. Ẹ sọ pé ẹ gbà kí gámà wà láàárín ọjọ́ kan ṣáájú FRB sí ọjọ́ kan lẹ́yìn rẹ̀. 536 lọ́nà méjì lọ́nà 0.66: ìbápàdé 700 ní àkókò nìkan, láìsí ìbátan kankan láàárín wọn. Ẹ wá ní kí ibi wọn wà láàárín díígírì mẹ́wàá: ìdá 0.0076 ojú ọ̀run ni ìyẹn. Márùn-ún ṣì kù, èèṣì sì ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá kọ ìwé lé ọ̀kan nínú wọn lórí yóò rí i pé ó dára lójú.

Tí ẹ bá dín àkókò náà kù sí ìṣẹ́jú àáyá 100 ṣáájú àti lẹ́yìn, èèṣì tí ẹ ó retí á já sí 0.006. Nígbà náà, tí ẹ bá rí ẹyọ kan, ó tó kó gba oorun lójú yín. Ẹ pinnu àkókò náà kí ẹ tó ṣí fáìlì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ má sì yí i padà nítorí pé ohun kan tó wuyì wà ní ìṣẹ́jú àáyá 130.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ọdún kan, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan àti íntánẹ́ẹ̀tì ilé ẹ̀kọ́: ẹ mú GBM pẹ̀lú àkójọ CHIME. Ẹ ó kọ́ bí a ti ń ṣírò ariwo ẹ̀yìn, ẹ ó ṣe ààlà òkè fún FRB kọ̀ọ̀kan, ìyẹn iye gámà tó pọ̀ jù tó lè wà níbẹ̀ kí a má sì rí i, oyè yóò sì jáde bí ẹ kò tilẹ̀ rí gámà kankan. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ ò ní rí i, àfi bí orí bá ṣe é.

Ẹni tí dátà wọ́n fún, tó sì ní sùúrù: LAT, lórí àwọn FRB tó ń bú léraléra tó sún mọ́ wa, kì í ṣe lórí gbogbo àkójọ. Àwọn ẹlòmíràn ti ṣe gbogbo àkójọ.

Ẹni tó ń tẹ̀lé ìkéde FRB bí wọ́n ṣe ń jáde, tó sì lè dìde láàárọ̀ kùtùkùtù wo ohun tí GUANO gbà sílẹ̀: BAT. Nínú àwọn tí dátà wọn wà ní gbangba, òun nìkan ló lè sọ ibi tí gámà ti wá débi pé kò ní sí àríyànjiyàn.

Ẹni tó ń wá ìròyìn gidi, tó fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí magnetar ilé wa yóò tún bú: ẹ fi FRB ọ̀nà jíjìn sílẹ̀ pátápátá. Ẹ kọ orúkọ àwọn magnetar tó ń bú lọ́wọ́ jọ, kí ẹ máa fi GBM, GECAM àti Konus-Wind wò wọ́n pọ̀, nítorí pé nígbà tí ayé bá dí ọ̀kan lójú, òmíràn yóò wà lápá kejì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tún bẹ̀rẹ̀ bí SGR 1935+2154 ti ṣe, ẹ wá ẹni tó ní tẹlisíkóòpù rédíò lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ọ̀la.

Ẹni tó bá fẹ́ H.E.S.S. kó kọ́kọ́ wá ọ̀jọ̀gbọ́n kó tó wá FRB. Fún Konus-Wind, ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn tó ni í nígbà tí ẹ bá ti ní àkókò kan pàtó lọ́wọ́, tí ẹ sì ti yọ ìdádúró DM kúrò, tí ẹ sì ti ṣírò ìyàtọ̀ aago tí ọ̀nà jíjìn yẹn mú wá, èyí tí kì í ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ.